Àpèkọ Faransé: ta ló sọ ilé di abo?

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú òtútù o. Ìbàdàn la ti kó wá sí Montréal. Òfin Québec ti ọdún 1977 sì ni pé iléèwé Faransé ni ọmọ àjèjì ń lọ. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mú àpèkọ bọ̀ lánàá, bírò pupa gba ojú ìwé kan. Ó kọ "la petit maison", wọ́n fa ìlà sí i. Mo wò ó títí, n ò rí àléébù rẹ̀. Èmi náà ò gbọ́ Faransé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ràn án lọ́wọ́?
Màmá Tólú

Màmá Tólú, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọmọ Kétu ti ilẹ̀ Benin ni mí, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní iléèwé, Faransé pín gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ sí ako àti abo, pàṣán rẹ̀ sì ti bà mí lẹ́yìn rí kí n tó dé Montréal níbí. Ẹ má bá ọmọ wí. Àwa tí "ó" kan ṣoṣo tó fún bàbá, ìyá, ewúrẹ́ àti tábìlì, ibo la ti fẹ́ mọ̀ pé abo ni "maison", ìyẹn ilé? Ẹ má sì wádìí ìdí rẹ̀. "Personne", ìyẹn ènìyàn, abo ni, ì báà jẹ́ onírùngbọ̀n lẹ ń sọ.

Èmi kì í jẹ́ kí àwọn ìbejì mi kọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ ní òun nìkan. "Une maison" ni wọ́n ń há sórí, torí abo ni, àti "un livre", ìyẹn ìwé kan, torí ako ni. Mo fẹ́ràn "un" àti "une" ju "le" ti ako àti "la" ti abo lọ, torí tí ẹ bá kọ "l'école", ìyẹn iléèwé, ako tàbí abo ti fara pamọ́. "Une école" kò fi bò. Èyí tó bá parí sí "-tion", ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé abo ni gbogbo wọn. "-age" sábà máa ń jẹ́ ako, àmọ́ "plage", "page" àti "image" kò gbà.

Abo ni "maison", nítorí náà "petit", ìyẹn kékeré, gbọ́dọ̀ gba "e" kún ara: "la petite maison". Etí lè gbọ́ ọ: "t" ìparí "petit" kì í dún, ti "petite" ń dún. "Grand" àti "grande", ìyẹn ńlá, náà rí bẹ́ẹ̀. "Joli" àti "jolie", ìyẹn ohun tó rẹwà, ló burú, ọ̀kan náà ni wọ́n ń dún. Tó bá wá di púpọ̀, "les petites maisons", gbogbo wọn gba "s", ẹnu kò sì pe ọ̀kankan nínú rẹ̀. "Les" ló ń ṣe iṣẹ́ "àwọn" tiwa fún etí.

Àmì orí lẹ́tà náà ń da ọmọ tó ti kọ́ Yorùbá láàmú. Kì í ṣe ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. "é" ni "e" inú "ewé", "è" ni "ẹ" inú "ẹsẹ̀". Méjèèjì wà nínú "élève", akẹ́kọ̀ọ́.

Lálẹ́ òní, ẹ ní kó ka àpèkọ yẹn sókè fún yín, kí ó máa tẹ́tí sí "t" àti "d" ìparí ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ibi tó bá ti dún, "e" ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Bàbá Ìbejì