“Ó Ti Bàjẹ́ Náà Nìyẹn”: Èrò Tó Ń Dá Ọ̀rá Padà Sára

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́fà ni mo fi jò ní kílò 8. Mo wá lọ òwàḿbẹ̀ ní Sátidé kan, mo jẹ ìrẹsì, mo jẹ iyán. Nígbà tó di Ajé, òṣùwọ̀n ti fi kílò 2 kún un. Mo ní ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn, mo pa gbogbo ẹ̀ tì. Mo ti sanra padà báyìí. Ìgbà kẹta rèé. (Oǹkàwé kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Kí ọ̀rá kílò 1 tó wọ ara, èèyàn á jẹ tó nǹkan bí 7,700 kálórì lé lórí èyí tí ara ń lò. Kílò 2 á ju 15,000 lọ. Ta ló lè jẹ ìyẹn lóde ọjọ́ kan? Omi tí iyọ̀ àti oúnjẹ bí iyán dá dúró sára ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló máa fi lọ.

Kì í ṣe iyán ló ṣe yín níbi, gbólóhùn yín ni. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CBT (ìtọ́jú ọkàn tó ń tún èrò àti ìṣe ẹni ṣe) ń yẹ̀ wò. Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Kí ẹ tó jẹ ohunkóhun, ẹ kọ aago, ibi tí ẹ wà, bí ebi ṣe pa yín sí láti 0 dé 10, àti ohun tó wà lọ́kàn yín. Tó bá dalẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ̀pà tí ẹ jẹ nínú ọkọ̀ á ti di ìgbàgbé. “Ẹ̀bà” nìkan kò tó. “Ẹ̀bà tó tó ìkúùkù méjì” ló wúlò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wá ibi tí ebi kò tó 3 tí ẹ sì jẹun. Ike ṣíńṣín ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ gbé e kúrò lójú, ẹ má bá a jìjàkadì.

Ní ti èrò, ẹ fa ìlà sáàárín ojú ìwé. Lápá òsì, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wá: “Ó ti bàjẹ́.” Lápá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí ẹ lè fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀: “Oúnjẹ kan ni nínú oúnjẹ 21 tí mo jẹ lọ́sẹ̀ yìí.” Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á kọ “alágbára ni mí”, ọkàn wọn ò sì gbà á gbọ́.

Ẹ múra òde sílẹ̀ pẹ̀lú: “Bí wọ́n bá tún bu iyán wá, màá ní kí wọ́n bá mi dì í sínú ọ̀rá.” (Ọ̀rá yẹn sàn ju tinú ara lọ.) Ẹ má febi pa ara yín lọ́jọ́ kejì, ìrọ̀lẹ́ lẹ máa jẹ àjẹtúnjẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa gun òṣùwọ̀n, láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kì í lè dáwọ́ oúnjẹ dúró, tàbí ẹ ń fọwọ́ fa èébì, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí.