Ṣé Prius lè fún ọkọ̀ mìíràn níná?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bátìrì Corolla aládùúgbò yín ti kú, pé ṣé ẹ lè fi Prius yín, ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀, sítáàtì ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó sítáàtì nígbà tí wáyà ṣì so ó mọ́ tiyín o! Bátìrì fólítì 12 inú Prius kéré. Kọ̀ǹpútà ló ń jí, kì í yí ẹ́ńjìnnì. Sítátà Corolla lè fa iná tó ju 100 ámpíà lọ, fíùsì yín á jó, tàbí kí ohun tó ń ṣájì bátìrì náà bàjẹ́.

Èmi máa ń jẹ́ kí READY tàn, ìyẹn iná dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ pé Prius ti ṣetán, màá so wáyà pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí bátìrì ẹ̀ kú, kí n fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, mo máa pa Prius, mo máa tú wáyà, kí tọ̀hún wá sítáàtì fúnra ẹ̀. Ẹ yẹ pupa àti dúdú wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ṣì í so, owó ńlá ló fi ń tún un ṣe. Àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn inú Prius, tó ń gbé iná ńlá, ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n rárá.