Ẹ Bi Bàbá Bíríkìlà: Ọjọ́ kan ṣoṣo ní Róòmù

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjọ wa ń lọ sí Róòmù fún ìrìnàjò mímọ́ ní oṣù kẹwàá. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fún wa láti fi rìn bó ṣe wù wá. Ọmọ mi ní kí n ṣáà lọ ya fọ́tò níwájú Colosseum, pápá ìwòran ńlá àtijọ́ yẹn. Nínú gbogbo ilé àtijọ́ ibẹ̀, èwo lẹ fẹ́ràn jù? Ẹ rántí pé orúnkún mi ò gbádùn. Èmi ni Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Àlọ ire, àbọ̀ ire. Ọmọ yín ò jẹ̀bi, àmọ́ Pantheon, ojúbọ òrìṣà àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, mi ò lè ka iye dẹ́kìn tí mo ti dà. Ọjọ́ tí mo wọ inú ilé yẹn ni mo mọ̀ pé ọmọọṣẹ́ ṣì ni mí.

Ẹ fojú inú wo igbá ńlá kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé orí ògiri roboto. Ìbú igbá náà lé ní mítà 43, bẹ́ẹ̀ náà ló ga láti ilẹ̀ dé ténté orí rẹ̀. Kọnkéré ni, kò sì sí ọ̀pá irin kan ṣoṣo nínú rẹ̀! Ayé ọba Hadrian ni wọ́n parí rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 126. Títí di òní, kò tíì sí òrùlé kọnkéré aláìnírin tó tóbi tó o láyé.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nísàlẹ̀, òrùlé náà nípọn tó mítà mẹ́fà. Bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ́lẹ́ sí i, títí tó fi ku mítà kan àti díẹ̀. Òkúta tí wọ́n pò mọ́ kọnkéré náà ń yí padà pẹ̀lú. Òkúta tó wúwo ni wọ́n lò nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n lókè pátápátá, òkúta fúyẹ́fúyẹ́ tó ń jáde látinú òkè tó ń yọ iná ni, irú èyí tí ẹ̀yin ìyá fi ń ha gìgísẹ̀.

Wọ́n wá dá ojú kan lu sí àárín òrùlé, ó fẹ̀ ju mítà mẹ́jọ lọ. Kò ní gíláàsì, kò ní páànù. Bí òjò bá rọ̀, inú ilé ló ń rọ̀ sí. Òjò bá mi níbẹ̀. Ńṣe ni àwọn àlejò ń ṣí agboòrùn nínú ilé, èmi sì ń rántí agbo ilé bàbá mi àgbà, níbi tí òjò ti ń dà sí àárín àgbàlá tí àwa ọmọdé ń gbé ìkòkò sí i. Ilẹ̀ Pantheon ga díẹ̀ láàárín, wọ́n sì lu ihò wẹ́wẹ́ sí mábù tí omi ń gbà lọ. Kò sí adágún kankan. Bẹ́ẹ̀, mo mọ ilé tuntun tí òjò ọdún kan ti sọ pálọ̀ rẹ̀ di odò. (Mi ò ní í sọ ẹni tó kọ́ ọ.)

Ọdún 609 ni wọ́n sọ ibẹ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni kò jẹ́ kí wọ́n tú u tà bí àwọn yòókù. Ẹ mú ìborùn dání fún èjìká yín. Láti 2023 ni wọ́n ti ń gba owó ìwọlé.

Colosseum ńkọ́? Ìta ti tó. Ẹ gbójú sókè wo orí àwọn ẹnu ọ̀nà tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, ẹ óò rí nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sí òkúta kí oníkálùkù lè mọ ibi tí yóò gbà wọlé. Ọgọ́rin ẹnu ọ̀nà ló ní nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọdún 80. Ẹ ya fọ́tò ọmọ yín, kí ẹ wá rìn díẹ̀ lọ sí San Clemente. Ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, wọ́n kọ́ ọ lé orí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tó dàgbà jù ú lọ, èyí náà sì jókòó lórí ilé àwọn ará Róòmù àtijọ́ àti ojúbọ òrìṣà wọn tó ń jẹ́ Mithras. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ óò máa gbọ́ omi tó ń ṣàn. Àtẹ̀gùn ló lọ síbẹ̀ o. Bí orúnkún bá kọ̀, ẹ jókòó sókè kí ẹ wo iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ wúrà tó wà lókè pẹpẹ.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá gun òrùlé St. Peter's, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Vatican, ẹ sọ pé ẹ ń gbàdúrà. Àtẹ̀gùn 551 ni. Ẹ má sì jókòó sórí Àtẹ̀gùn Sípéènì (àtẹ̀gùn gbajúmọ̀ kan ní ìgboro Róòmù) bó ti wù kó rẹ̀ yín tó, wọ́n ti fòfin dè é láti 2019. Mi ò mọ̀, mo jókòó, wọ́n fọn fèrè sí mi bí ọmọ iléèwé.

Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀, òkúta ni wọ́n tẹ́ sí títì wọn. Bí òjò bá sì bá yín ní Pantheon, ẹ má sá. Wọ́n ní ihò ilẹ̀ yẹn jẹ́ méjìlélógún. Ogún ni mo rí, nítorí ẹsẹ̀ èrò. Ẹ bá mi kà á.