Ìbejì kan náà, orúkọ méjì níbi iṣẹ́

Ìbéèrè

Ẹ kú ìlú òkèèrè o, ẹ̀yin òbí. Leeds ni mo ń gbé. Ìbejì ni àwọn ọmọ mi: Táíwò ọkùnrin, Kẹ́hìndé obìnrin. Ilé iṣẹ́ àwọn oníṣirò owó ni Kẹ́hìndé wà. Nínú ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀ ọdún yìí, máníjà rẹ̀ kọ ọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àmọ́ ìṣesí rẹ̀ le, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí mo bí! Táíwò tó ń pariwo jù ú lọ, aṣáájú rere ni wọ́n pè é níbi tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, òun nìkan ni sìkọ́ríìtì máa ń ní kó mú káàdì wá. Bàbá wọn ní kí Kẹ́hìndé máa rẹ́rìn-ín, kó má bá òyìnbó fa wàhálà. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Birmingham, èmi náà sì bí obìnrin síbí. Aláìsàn tí mo ń tọ́jú á máa wo ọmọbìnrin òyìnbó tí mò ń kọ́ níṣẹ́, òun ni yóò bi ní ìbéèrè tó yẹ kó bi mí. Nítorí náà, mo gbọ́ yín yé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kó máa rẹ́rìn-ín kiri. Wọ́n ti rán ẹ̀wù yẹn sílẹ̀ de obìnrin dúdú kó tó wọlé: oníjà ni, inú ń tètè bí i. Tó bá rẹ́rìn-ín jù, wọ́n á ní kò ka iṣẹ́ sí.

Obìnrin òyìnbó náà ń jẹ nínú ìyà yìí. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ oníṣirò owó bíi ti Kẹ́hìndé, Price Waterhouse, kò sọ Ann Hopkins, òṣìṣẹ́ wọn kan, di alábàáṣe, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kó máa rìn bí obìnrin, kó máa kun àtíkè, kó wọ ohun ẹ̀ṣọ́. Lọ́dún 1989, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ sọ pé fífi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo obìnrin níbi iṣẹ́ kò bófin mu.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn obìnrin dúdú márùn-ún tó pe General Motors, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́jọ́. Kó tó di 1964, ilé iṣẹ́ náà kò gba obìnrin dúdú rárá. Nígbà tí wọ́n wá ń dá òṣìṣẹ́ dúró, àwọn tó dé kẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ lé. Lọ́dún 1976, adájọ́ ní ilé iṣẹ́ náà ti ń gba obìnrin tipẹ́, àwọn márùn-ún náà ò sì lè da ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ti obìnrin pọ̀ di ẹ̀sùn kan ṣoṣo. Obìnrin tí wọ́n ń gbà yẹn, òyìnbó ni! Níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, Òfin Ìdọ́gba ọdún 2010 ní abala kan, ìkẹrìnlá, tó jẹ́ kéèyàn lè so méjèèjì pọ̀. Ìjọba ò mú un ṣiṣẹ́ títí di òní.

Kẹ́hìndé ò tíì dé ibi ẹjọ́ ṣá. Kó kọ ímeèlì sí máníjà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ìpàdé wo ni, ọjọ́ wo, kí ni mo sọ gan-an, kí ló yẹ kí n sọ dípò rẹ̀? Ẹni tó ti fi èrò ọkàn tirẹ̀ dá èèyàn lẹ́jọ́ kì í sábà rí èsì kan gúnmọ́ fún ìbéèrè yìí. Kó tọ́jú èsì náà. Tí wọ́n bá wá fi ìwé yẹn dí ìgbéga tàbí owó oṣù rẹ̀ lọ́wọ́, kó wá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó sì pe Acas, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ilé iṣẹ́, kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti bàbá wọn, ẹ gbé ìwé àyẹ̀wò àwọn méjèèjì síwájú rẹ̀ kó kà á fúnra rẹ̀. Bí a ṣe tọ́ àwa náà ni: ẹni tó bá dákẹ́ ní ilé onílé ló gbọ́n. Mi ò bá a jà.

Àmọ́ Táíwò ni mo rò pé ẹ gbójú fò díẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ ló mú kí ohùn rẹ̀ dùn létí wọn lọ́sàn-án. Ọkùnrin dúdú tó jẹ́ náà ló ń bà wọ́n lẹ́rù lálẹ́. Ṣé ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀? Àwọn ọmọkùnrin wa máa ń fi irú èyí ṣàwàdà lásán. Kó kọ déètì àwọn alẹ́ náà sílẹ̀, kó sì bi wọ́n nínú ìwé pé ta ni òfin káàdì yẹn wà fún.