Ǹjẹ́ mímú ọmọ kúrò ní abúlé wá sí Àkúrẹ́ máa ń ṣàkóbá fún ẹ̀kọ́ rẹ̀?

Ó lè ṣe é láǹfààní, ó sì lè ṣàkóbá fún un. Èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ló máa ń fa wàhálà jù. Ọmọ tó ń lọ sílé ìwé ní abúlé olóko kòkó kan lẹ́bàá Ìdànrè, níbi tí olùkọ́ ti ń fi Yorùbá ṣàlàyé ìṣirò, lè dé Àkúrẹ́ kó bá olùkọ́ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan sọ̀rọ̀, pàápàá nílé ìwé aládàáni. Ọmọ náà mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ jáde, wọ́n á sì kà á sí olódo. Ó máa ń dùn mí púpọ̀ bí wọ́n bá dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀ láìfi Yorùbá dán an wò rárá.

Oṣù Kẹsàn-án ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó sàn kí ẹ mú un wá nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kí ẹ sì gba káàdì èsì ìdánwò rẹ̀ dání. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún 9 àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn nílé ìwé ìjọba.

Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹbí ni yóò máa gbé, ẹ bèèrè iṣẹ́ tí wọn yóò máa rán an, torí pé ọmọ tó ń kiri ọjà ní Ọjà Ọba títí ilẹ̀ fi ṣú kò lè ráyè ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.