Fọ́tò àbí àwòrán ọwọ́ nínú ìwé idán: èyí tí mo rí nídìí iṣẹ́ náà

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé láti Ọ̀yọ́, ẹ ní ẹ ti parí ìwé idán pípa tí ẹ ń kọ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ó ku àwòrán inú rẹ̀. Ẹ ní kámẹ́rà fóònù yín dáa, ayàwòrán tí ẹ bá sọ̀rọ̀ sì ń pe owó gọbọi, ẹ wá ń bèèrè èwo nínú méjèèjì ni kí ẹ mú. Èmi á ní kí ẹ mú àwòrán ọwọ́, ṣùgbọ́n kí ayàwòrán má yà á látorí ara rẹ̀ o. Fọ́tò tí ẹ bá fi fóònù yín yà ni kó gbé síwájú, kó máa wò ó yà. Nítorí náà ẹ ṣì máa ya fọ́tò yẹn, ẹ ó sì tún san owó ayàwòrán.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní idán ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí: okùn tí a gé tó tún so pọ̀, kọ́ìnì tó pòórá, káàdì tí òǹwòran mú tí a sì mọ̀. Kò sí oògùn níbẹ̀, kò sí ọfọ̀, ìka ọwọ́ àti ẹnu ni. Ìwé pẹlẹbẹ tí mo bá kọ, àwọn ọmọ kì í rà á, wọn á gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Under G, àdúgbò kan nílùú wa níbí, ọ̀rẹ́ á ṣe fọ́tòkọ́pì ti ọ̀rẹ́, àbúrò á ṣe ti ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ ni agbára fọ́tò ti pin. Ẹ fojú inú wo ọwọ́ dúdú tó mú káàdì, ṣẹ́ẹ̀tì búlúù wà lẹ́yìn rẹ̀. Lójú fóònù, ó mọ́ kedere. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun sórí bébà lásán, ọwọ́ àti ṣẹ́ẹ̀tì á di ọ̀kan. Tí ẹ bá tún ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀dà yẹn, àlàfo àárín ìka á dí. Èyí tó bá wá tìdí ẹ̀dà kẹta jáde, bí èédú tí wọ́n tẹ́ káàdì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló máa rí.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ní yíǹkì aláwọ̀ eérú, dúdú nìkan ló ní. Tó bá fẹ́ ṣe àwọ̀ ara èèyàn, àmì róbótó kéékèèké ló máa tò síbẹ̀, wọ́n á tóbi níbi tó ṣókùnkùn, wọ́n á kéré níbi tó mọ́lẹ̀. Bébà tí kò dán á fa yíǹkì mu, àwọn àmì náà á wú, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra. Ìlà dúdú lórí bébà funfun kò mọ ìyẹn sí wàhálà. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ títí, ìlà ṣì ni.

Wọ́n á sọ fún yín pé ìwé tí Lewis Ganson kọ ní 1957 lórí idán apidán kan tó ń jẹ́ Dai Vernon, fọ́tò ni wọ́n fi ṣe é, àwọn èèyàn sì kọ́ idán nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, èmi náà kò jà sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òyìnbó tó wà níwájú kóòtù dúdú máa ń yọ síta fúnra rẹ̀. Ọwọ́ tiwa ń fẹ́ ohun funfun lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya fọ́tò fún wa kò sì ronú kan ìyẹn.

Ká tiẹ̀ ní owó bébà dídán wà lọ́wọ́ yín, ìṣòro kan ṣì kù tí owó kò lè yanjú. Ohun tí òǹwòran kò rí ni idán, kámẹ́rà náà kò sì rí i. Tí kọ́ìnì bá wà nínú ọwọ́ tí a dì, fọ́tò á ya ọwọ́ tí a dì, ó parí. Ayàwòrán ló lè fi ìlà tó ń já ya kọ́ìnì sínú ọwọ́ náà, kó fa ọfà kan síbi tó ń gbà lọ, kó sì yọ ìka tó bá dí ojú ọ̀nà kúrò pátápátá. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1584, ní London, Reginald Scot tẹ ìwé kan jáde láti fi sọ pé àwọn tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ tí wọ́n ń pa kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó tú àṣírí àwọn apidán síbẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ya irinṣẹ́ wọn: ọ̀bẹ tó péye tí wọ́n ń fi han èèyàn, àti ọ̀bẹ tí wọ́n ti gé àlàfo sí lára kó lè há mọ́ ara bíi pé ó ti wọlé. Wọ́n kàn tò wọ́n síra. Ẹni tó bá rí méjèèjì pọ̀ kò nílò àlàyé. (Ó wù mí kí ẹnìkan tún irú ìwé yẹn kọ fún àdúgbò wa, àmọ́ ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ayàwòrán ló máa fún yín ní iṣẹ́ jù, torí náà ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Èyí tí mò ń lò, ilé àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀ yẹn ló ti jáde. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn, torí ẹni tó bá ti fi ọ̀bẹ fín igbá rí mọ ibi tí ìlà ń lọ kó tó fà á; igbá kì í gba ìparẹ́. Àmọ́ ó fẹ́ràn ẹwà jù. Mo ní kó ya ọwọ́ tó fi kọ́ìnì pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹran ìdí àtàǹpàkò àti ẹran abẹ́ ìka ọmọńdinrín ló ń fún kọ́ìnì yẹn mọ́lẹ̀ láàárín, ìka yòókù á dẹ̀, wọ́n á tẹ̀ díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn sọ ọwọ́ sílẹ̀ lásán. Ọwọ́ tí ó yà gún régé, ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ̀ pọ̀, àtàǹpàkò nà. Ó wuyì gan-an ni! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe bíi tirẹ̀, gbogbo òǹwòran ló máa mọ̀ pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kó kọ́ìnì náírà kan àtijọ́ fún un (àwọn ni à ń lò, kò kúkú sẹ́ni tó ń fi wọ́n ra nǹkan lọ́jà mọ́), mo ní kó pa idán náà fúnra rẹ̀ kó tó yà á. Ó ń bọ́ sílẹ̀, ó ń ṣà á. Ìgbà tó dúró sí i lọ́wọ́ wàyí, kò ṣòro fún un mọ́ láti rí ibi tí ìka gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí. Ayàwòrán tí kò bá lè pa idán náà, bó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ dán tó, á máa tún ọwọ́ ṣe ni, àtúnṣe yẹn ló sì ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́.

Ohun tí mo fi ní kó máa wo fọ́tò nìyẹn. Ìwé lórí ọgbọ́n káàdì tí òǹkọ̀wé kan tó pe ara rẹ̀ ní Erdnase tẹ̀ jáde ní Chicago ní 1902 ní àwòrán tó lé ní 100, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú ìwé pé ọwọ́ gidi ni M. D. Smith wò yà wọ́n. Àwọn tó ń fi káàdì pidán ṣì ń wo àwọn àwòrán yẹn dòní.

Tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò tí ayàwòrán máa lò, kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn yín, kó ya ọwọ́ yín láti orí èjìká, kí òǹkàwé lè rí i bí ẹ̀yin ṣe ń rí i. Ẹ ta aṣọ funfun sílẹ̀. Ẹ súnmọ́ fèrèsé, ẹ má tan fíláàṣì, torí kọ́ìnì á máa kọ mànà. Kámẹ́rà iwájú fóònù ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù ló máa ń yí àwòrán rẹ̀ padà, ọwọ́ ọ̀tún á di òsì, ẹ ò sì ní fura àfi tí ẹ bá wo nọ́ńbà ara káàdì tí ẹ rí i pé ó kọjú sódì. Tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹ fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, torí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, ó máa fún un pọ̀. Tí ayàwòrán bá parí, kí wọ́n fi dpi 600 (ìyẹn iye àmì tí ẹ̀rọ ń kà nínú íǹṣì kan) ó kéré tán ṣe síkáànì ìlà náà. 300 tí wọ́n máa ń sọ, ti fọ́tò ni.

Fọ́tò ní ibi tirẹ̀ nínú ìwé náà o. Ìdúró, aṣọ, bí tábìlì ṣe tò, ibi tí ojú apidán ń wò nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ohun mìíràn: fọ́tò ló dára fún gbogbo ìyẹn. Ẹni tó bá rí fọ́tò Professor Peller ọmọ Ìsẹ́yìn lórí ìtàgé mọ ohun tí mò ń wí, kò sí ìlà tó lè gbé ìdúró yẹn. Ṣùgbọ́n tí ọmọ ọlọ́mọ bá wà nínú rẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ìyá kan wá bá mi nílé, ó ní wọ́n ti ń pe ọmọ òun ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé ojú rẹ̀ wà nínú ìwé idán. Látìgbà náà, ọwọ́ nìkan ni mò ń yà, mi ò ya ojú. Ẹ sì jọ̀ọ́, nílùú yín níbẹ̀ tí eégún onídán ti ń di ọ̀nì, tó ń di òjòlá, ẹ má kó tiwọn sínú ìwé. Àwọn tó ni ín wà láàyè.

Kí ẹ tó gbé e fún atẹ̀wé, ẹ fún ọmọ kan tí kò mọ idán náà ní ojú ìwé kan, ẹ fi bébà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kó wo àwòrán nìkan. Tó bá ń yí ìwé náà po lọ́wọ́, tó ń sọ orí rẹ̀ di ìsàlẹ̀ kó lè bá ọwọ́ tirẹ̀ mu, ìwájú ni ẹ ti ya fọ́tò náà dípò ẹ̀yìn, kí ayàwòrán tún un yà. Tó bá dúró pẹ́ láàárín àwòrán méjì, àwòrán kan ló yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Ẹ ti bá ayàwòrán sọ ọ́ ṣáájú pé àtúnṣe wà nínú owó tí ẹ san, kó má di pé ó ń gba owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ sọ fún mi iye idán tó wà nínú ìwé náà, àti bóyá atẹ̀wé yín fẹ́ lo ẹ̀rọ ńlá àbí fọ́tòkọ́pì lásán. Tó bá jẹ́ fọ́tòkọ́pì ni, kí ayàwòrán lo bírò tó nípọn díẹ̀, torí ìlà tó tín-ín-rín jù á já lójú ẹ̀dà kejì.