Kí ló ń sọ ṣíìsì mi di kókó nínú slow cooker?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, Manchester ni èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ mẹ́ta ń gbé. Torí iṣẹ́ òru ni mo ṣe ra slow cooker, ìkòkò oníná mànàmáná tó máa ń rọra se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, mo kó àyà adìẹ, tòmátì inú agolo, ife omi kan àti ṣíìsì sínú rẹ̀, mo tàn án, mo lọ sùn. Nígbà tí mo máa jí nírọ̀lẹ́, ọbẹ̀ ti ṣàn, ṣíìsì ti di kókó wẹ́wẹ́, òróró lé sókè, adìẹ gan-an gbẹ bí òwú. Àwọn ọmọ fi í sílẹ̀, wọ́n lọ jẹ búrẹ́dì. Ṣé ṣíìsì tí mo rà ni kò dáa ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà, ìyá àwọn ọmọ. Ṣíìsì yín ò jẹ̀bi. Ohun tó yẹ kó wọ ìkòkò kẹ́yìn lẹ kọ́kọ́ kó sí i.

Wàrà tó ti dì ni ṣíìsì, ọ̀rá há sáàárín rẹ̀. Bó bá wà lórí iná látàárọ̀ dalẹ́, ara rẹ̀ á sún kì, á sì fún ọ̀rá náà jáde: òróró tẹ́ ẹ rí lókè nìyẹn. Kíkan tòmátì wá tún dá kún un.

Omi ńkọ́? Lórí gáàsì, omi ọbẹ̀ máa ń bá ooru lọ. Nínú slow cooker, ooru á gbéra, á kan ideri, á sì kán padà sínú ọbẹ̀. Adìẹ náà á tún sun omi tiẹ̀ sí i. Ife omi yẹn, ẹ fi po tíì.

Àyà adìẹ ò lọ́ràá. Bíi wákàtí 3 lórí “low” (iná kékeré) ti tó o. Ẹni tó fẹ́ sùn dìrọ̀lẹ́, itan ni kó rà, torí iṣan inú rẹ̀ ń rọ̀ sí i ni bó ṣe ń pẹ́. Tó bá wà nínú fìrísà, ẹ gbé e bọ́ sí fríìjì láti alẹ́ àná. Ẹ̀rọ yìí kì í tètè gbóná, adìẹ tó dì gbagidi á pẹ́ jù nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ tí kòkòrò àìsàn fẹ́ràn.

Tèmi rèé, fún itan tí kò léegun kílò 1. Mo máa ń lọ tàtàṣé 2, ata rodo 1 àti àlùbọ́sà ńlá 1, màá dín in lórí gáàsì títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ má fo ibí yìí o. Bí ata bá wọlé ní tútù, òórùn rẹ̀ ò ní kúrò nínú ọbẹ̀. Adìẹ, ata díndín, kọ́rì, táìmù, Magí àti iyọ̀, ó parí. “Low”, wákàtí 5 sí 6, lẹ́yìn náà “warm” (èyí tó kàn ń jẹ́ kó máa gbóná) títí ẹ ó fi jí. Tẹ́ ẹ bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, ibi tó nípọn jù lára ẹran gbọ́dọ̀ tó 74°C. Ẹ má máa ṣí i wò: ṣíṣí kọ̀ọ̀kan ń jẹ bí ogún ìṣẹ́jú ooru. (Ọkọ tèmi ò lè ṣe kó má tọ́ ọ wò, mo wá ń gbé e pa mọ́ sí kọ̀rọ̀.)

Bẹ́ ẹ bá jí, ẹ po ṣíbí ìjẹun 2 cornflour mọ́ omi tútù díẹ̀, ẹ dà á sí i, ẹ yí i sí “high” (iná ńlá) fún ìdajì wákàtí kó lè ki. Ẹ wá pa á. Ìgbà yẹn ló kan ṣíìsì: ẹ ro cream cheese gíráàmù 150 mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá máa wọ́n cheddar gíráàmù 150 sí i ní ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọwọ́ ara yín rin ín. Èyí tí wọ́n ti rin sínú láílọ́ọ̀nù ní ìyẹ̀fun lára kó má baà lẹ̀ mọ́ra, kì í sì í yọ́ dáadáa. Bẹ́ ẹ bá gbé ṣíbí sókè, tó ń fà tẹ̀lé e bí ilá, ó ti ṣe nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, tẹ́ ẹ fẹ́ fi wàrà àwọn Fúlàní rọ́pò rẹ̀: ẹ sè é o, ẹ dín in o, kì í yọ́. Ẹ dín in lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ tò ó sórí adìẹ.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, kó wọ fríìjì kí wákàtí 2 tó pé. Gáàsì tàbí microwave lẹ ó fi gbé e kaná lọ́la, kì í ṣe slow cooker.